Gbogbo Ìlú Ló Mọ Ẹni Tó Pa Á: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀dọ́ Ayàwòrán Kan

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo ti rí àwọn ojú-ewé tí o kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé ìtàn aláwòrán tí o ń yà lọ́wọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ, torí mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ mọ ohun tí o ń fi òru ṣe. Ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ́, nítorí ìwọ nìkan kọ́ ni irú ìtàn yìí ń wù láti yà, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan àwọn tó kù náà.

Ìtàn ọ̀hún wọ̀ mí lára. Ọdún 1919 ni, ní Amẹ́ríkà. Akọ̀ròyìn kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àmọ́ tí ara rẹ̀ funfun débi pé kò sẹ́ni tó lè fojú yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn òyìnbó, wọ ọkọ̀ ojú irin ní New York, ó forí lé Gúúsù orílẹ̀-èdè náà láti lọ wádìí ikú ọkùnrin kan tí wọ́n yẹgi fún láìgbẹ́jọ́. O ò fi pa mọ́ pé Walter White, aláwọ̀ dúdú tó ń díbọ́n bí òyìnbó láti wádìí irú ikú bẹ́ẹ̀, lo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kò burú. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti kọ́ ni ìbéèrè tí o fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí ẹ̀yìn ìwé: "Ta ló pa á?"

Ìbéèrè yẹn la ti ń bá pàdé nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ látìgbà tí a ti ń kà wọ́n nílé ìwé. Òkú á ti sùn sílẹ̀ kí orí kìíní tó parí. Ìfura á máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á máa ṣa ẹ̀rí jọ, bó bá yá ọwọ́ á tẹ ẹni tí a ò fọkàn sí rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì ń kà á di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò bá ọ̀ràn tí o gbé dání mu. Nínú ìyẹgi láìgbẹ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yá ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń ta ìṣó àti epo láàárín ìlú mọ ẹni tó pa á. Ṣẹ́ríìfù, olórí ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀, mọ̀ ọ́n, nígbà mìíràn ṣẹ́ríìfù gan-an ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún wọn. Ọmọdé tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́ èjìká kó lè ríran dáadáa mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ìjọba yàn láti yẹ òkú wò á jókòó, wọn á wò ó tinú tẹ̀yìn, wọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó kú láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ, láti ìlú dé ìlú, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ikú wọ̀nyí, ka 4,743 láti 1882 dé 1968, 3,446 nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bí o bá fẹ́ ka àwọn apànìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, ìyẹn ò ní pẹ́ ọ.

Gbé àwòrán kan yẹ̀ wò kí o tó tún fi gègé kan bébà. Marion ni ìlú náà ń jẹ́, ní ìpínlẹ̀ Indiana, tí kì í tiẹ̀ ṣe ara Gúúsù. Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1930, fọtógíráfà kan tó ń jẹ́ Lawrence Beitler gbé kámẹ́rà rẹ̀ síwájú igi kan. Òkú Thomas Shipp àti Abram Smith ló ń fì lórí rẹ̀. Lábẹ́ wọn ni èrò pọ̀ sí bí ọjà, àwọn kan kọjú sí kámẹ́rà, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan tó ní irun ètè sì na ìka sókè sí àwọn òkú náà bí ẹni tó ń fi ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ han àlejò. Beitler tẹ ẹ̀dà àwòrán náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó tà á, wọ́n rà á. Walter White lọ sí Marion lóṣù yẹn kan náà láti wádìí, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Flossie Bailey, tó ń darí ẹ̀ka NAACP níbẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé. Títí dòní, kò sí ẹnì kan tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n lórí ìpànìyàn náà. Ọmọkùnrin kẹta tí wọ́n ti fi okùn sí lọ́rùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, James Cameron, ọmọ ọdún 16, bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ó dàgbà dàgbà, ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Milwaukee láti máa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì kú ní 2006.

Ìwọ ayàwòrán ni àwòrán yẹn yẹ kó dà láàmú jù. Àwọn ojú wà níbẹ̀ kedere. Orúkọ ni kò sí.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kí ìwé rẹ ní àdììtú, òun nìyẹn: báwo ni odindi ìlú ṣe ń panu pọ̀ sọ pé àwọn ò mọ ohun tí gbogbo wọn fojú rí? Kí ló sì máa ń ná akọ̀ròyìn láti tẹ orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ sínú ìwé ìròyìn? Ẹni tó bá ń wá apànìyàn nínú ìtàn yìí ń wá ohun tí kò sọnù.

Jẹ́ ká wá sọ ti ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Atlanta ni wọ́n ti bí Walter White, ní 1893. Alápínlẹ́tà ni bàbá rẹ̀. Irun rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ búlúù, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí ojú lè fi mọ̀ pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Òfin àti àṣà Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ni kò ka ìyẹn sí: ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú bó ti wù kó kéré tó, aláwọ̀ dúdú lo jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1906, nígbà tó di ọmọ ọdún 13, àwọn òyìnbó ya bo àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní Atlanta, wọ́n ń pa wọ́n. Òun àti bàbá rẹ̀ dúró sójú fèrèsé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, bàbá ní kó má yìn ín àfi bí ẹni àkọ́kọ́ bá tẹ koríko ọgbà wọn. Àwọn jàǹdùkú náà yà síbòmíràn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. White kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni òun mọ ẹni tí òun jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yọ ojú-ewé tó dúró níwájú dígí yẹn kúrò. O ya akọ̀ròyìn rẹ tó ń wo ara rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé òyìnbó lòun ni àbí aláwọ̀ dúdú. Irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n nínú ìtàn àwọn tó fi àwọ̀ díbọ́n. Àwọn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n wọ inú ayé àwọn òyìnbó tí wọn ò padà wálé mọ́, tí wọ́n fi ìyá àti ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, tí wọn ò sì lè lọ síbi ìsìnkú wọn. Ìwé ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì ń bani nínú jẹ́. Walter White ń lọ, ó ń bọ̀. Bó bá ti Gúúsù dé, Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ló ń sùn, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò wá ara rẹ̀ kiri. Ẹ̀rí ló ń wá.

Ní 1918 ló dé ọ́fíìsì NAACP ní New York, James Weldon Johnson, òṣìṣẹ́ àgbà ẹgbẹ́ náà, ló pè é wá. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn tó gba iṣẹ́, ìròyìn dé pé wọ́n ti dáná sun Jim McIlherron lóòyẹ̀ ní Estill Springs, Tennessee. Ọmọkùnrin tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ síbẹ̀, kí òun ṣe bí òyìnbó tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n gbà fún un. Láti ìgbà náà lọ, ìwádìí tó ṣe lórí ìyẹgi lé ní 40.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àgbẹ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hampton Smith kú ikú ìbọn ní Brooks County, Georgia. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ aláwọ̀ dúdú káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ méjì. Wọ́n pa Hayes Turner. Ìyàwó rẹ̀, Mary Turner, tó lóyún oṣù mẹ́jọ, sọ lójú gbogbo ayé pé ọkọ òun kò jẹ̀bi, pé òun máa fi ẹjọ́ sun. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, wọ́n pa òun náà lẹ́bàá odò Little River, àti ọmọ inú rẹ̀. Mi ò ní kọ bí wọ́n ṣe pa á síbí. Ìwọ náà, má yà á.

White lọ sí ibẹ̀. Ó wọ ilé ìtajà kan láàárín ìlú, ó ń bá onílé ìtajà náà tàkúrọ̀sọ nípa irè oko àti ojú ọjọ́. Kò béèrè ohunkóhun. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan ìyẹgi, ó fi ẹnu yẹpẹrẹ rẹ̀ bíi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò tó ohun tó ti gbọ́ níbòmíràn. Ìyẹn gún ọkùnrin náà lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, ó ń fi ọwọ́ gbá itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wà lára àwọn tó kó àwọn èrò lẹ́yìn. Orúkọ àwọn yòókù tún ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Nínú àpilẹ̀kọ kan tí White kọ ní 1929, ó ní ohun tó mú kí ẹ̀mí òun gùn jù lọ ni ìwà òmùgọ̀ àwọn apànìyàn náà fúnra wọn. Ẹnu wọn kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ jọ tiwọn tó fetí sílẹ̀ díẹ̀, wọn á dà á sílẹ̀ gbuurugbu. Mo fẹ́ kí o fi èyí sọ́kàn bí o bá ń ṣètò ìwé rẹ, torí o ti fún akọ̀ròyìn rẹ ní gíláàsì ìwo-nǹkan-ńlá, o jẹ́ kó máa wá ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Walter White tí a mọ̀ jókòó ni, ó ń gbọ́. Iṣẹ́ tó le jù fún un ni kí ojú rẹ̀ má yí padà. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn rí mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ju kí á fi gíláàsì wá ẹrẹ̀ lọ. Ìwọ sì ni ọlọ́wọ́ tó lè ya ojú tí kò yí padà fún odindi ojú-ewé mẹ́fà, nígbà tí ọwọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì ń gbọ̀n.

Ó kó orúkọ àwọn aṣáájú ìpànìyàn náà jọ, ó sì gbé e fún gómìnà Georgia, Hugh Dorsey. Kò sí ẹnì kan tí wọ́n dá lẹ́bi. The Crisis, ìwé ìròyìn tí W.E.B. Du Bois ń ṣe olóòtú fún, tẹ ìwádìí náà jáde ní oṣù kẹsàn-án 1918.

Ní báyìí, 1919, ọdún ìtàn tìrẹ. Phillips County, ìpínlẹ̀ Arkansas, lẹ́bàá odò Mississippi. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń gbin òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí i pé lọ́dọọdún ni ìṣirò onílẹ̀ máa ń fi wọ́n sí gbèsè, bó ti wù kí òwú wọ́n tó lọ́jà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá agbẹjọ́rò. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń ṣèpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Hoop Spur, nítòsí ìlú Elaine, ìbọn dún, òyìnbó kan kú. Láti ọjọ́ kejì, àwọn òyìnbó tó dìhámọ́ra ti ibi púpọ̀ wá, títí kan òdìkejì odò, àwọn sójà náà tẹ̀ lé wọn. Òyìnbó márùn-ún ló kú. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú, iye tí àwọn òpìtàn ń dárúkọ wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ìròyìn ti wọ inú ọ̀ràn, tó sì yẹ kí o dúró sí. Àwọn ìwé ìròyìn tẹ ohun tí àwọn onílẹ̀ sọ fún wọn: pé àwọn aláwọ̀ dúdú gbìmọ̀ láti pa àwọn òyìnbó run. Irọ́ yẹn ti délé onílé kí White tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gba ìwé ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn Chicago Daily News, ó lọ bá Gómìnà Charles Brough. Inú gómìnà dùn láti rí oníròyìn láti Àríwá tó fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn. Àwòrán ara rẹ̀ tó buwọ́ lù ló fi ta White lọ́rẹ. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, àwòrán yẹn á wà nínú àpò White láti ibẹ̀ lọ, kí òǹkàwé máa rí etí rẹ̀ tó yọ síta.

White dé Helena, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bó ṣe ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti bá àwọn tí wọ́n kó sọ̀rọ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan rọra sọ fún un bí ó ti ń kọjá pé kó tẹ̀ lé òun. Nígbà tí wọ́n kúrò lójú èèyàn, ó sọ fún un pé wọ́n ti ń wá a, pé òun gbọ́ tí wọ́n ń gbèrò láti mú un. White kò padà lọ gbé ẹrù. Ó sáré lọ síbi ọkọ̀ ojú irin, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé kí àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ má bàa rí i. Nígbà tó ń sanwó, kọ́ndọ́kítọ̀ ní kí ló dé tó ń lọ nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: aláwọ̀ dúdú kan wà nílùú tó ń ṣe bí òyìnbó, àwọn ọmọkùnrin ìlú máa tó mú un. White béèrè ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Ọkùnrin náà ní bí wọ́n bá fi máa ṣe é tán, kò tún ní lè ṣe bí òyìnbó mọ́.

White fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí, ó sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ṣeé ṣe kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Yà á bẹ́ẹ̀ náà.

Àmọ́ báwo lo ṣe fẹ́ yà á? Mo rí i pé o fi tàdáwà kun ojú àwọn aláwọ̀ dúdú inú ìwé náà gbogbo, ojú akọ̀ròyìn rẹ nìkan lo fi sílẹ̀ ní funfun bébà. O ti wá ń ran àwọn òyìnbó inú ìwé náà lọ́wọ́ láti gbà gbọ́ pé ojú lásán ló ń ya èèyàn sọ́tọ̀. Fi gbogbo ojú sílẹ̀ láìkùn. Kí òǹkàwé náà má mọ ẹni tí í ṣe ẹni, àfi láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Homer Plessy, ọmọ New Orleans, ra tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 1892, ó jókòó sínú kọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ fún kọ́ndọ́kítọ̀ pé aláwọ̀ dúdú lòun kí wọ́n tó lè mú un, torí ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ tó ti ibẹ̀ wá ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi fọwọ́ sí ìyàsọ́tọ̀ ní 1896. Ẹjọ́ tó fẹsẹ̀ òfin ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ múlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin tí wọn ò lè fi àwọ̀ rẹ̀ dá a mọ̀.

Yorùbá tí o fi ń kọ ọ́ sì ní ohun èlò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ò ní. Ní Gúúsù ìgbà náà, òyìnbó kì í pe àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Ọ̀gbẹ́ni. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọdé ni lójú wọn. Jẹ́ kí kọ́ndọ́kítọ̀ yẹn máa fi "ẹ" àti "yín" bá Walter White sọ̀rọ̀, ẹni ọdún 26, "Ẹ ò dúró wo eré, ọ̀gá mi?", kó sì yíjú sí bàbá olórí ewú tó ń gbẹ́rù fún èrò, "Ìwọ, kúrò lọ́nà." Kò sí Yorùbá kan tí ìyẹn ò ní gún lára. Nínú ojú-ewé tí o gbé jáde, gbogbo wọn lò ń jẹ́ kó máa fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni wà níbi ìgbéyàwó. Ìwà ọmọlúwàbí tìrẹ nìyẹn, kì í ṣe ti Arkansas. Mú un kúrò lẹ́nu wọn.

White kọ̀wé nípa Elaine sínú The Nation ní oṣù kejìlá ọdún náà. Àwọn ọkùnrin méjìlá tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, tí ìgbìmọ̀ adájọ́ òyìnbó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ péré gbẹ́jọ́ wọn, ni NAACP àti agbẹjọ́rò Scipio Africanus Jones, tí wọ́n bí sóko ẹrú, gbèjà wọn títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní 1923, ilé ẹjọ́ náà sọ nínú ẹjọ́ Moore àti Dempsey pé ìgbẹ́jọ́ tí àwọn èrò ń fi ikú halẹ̀ lé lórí kì í ṣe ìgbẹ́jọ́. Nígbà tó fi di 1925, gbogbo wọn ti gba òmìnira.

Bí o bá fẹ́ ibi tí orúkọ ti jáde ní tòótọ́, lọ sí Aiken, South Carolina, 1926. Ọ̀rọ̀ ìdílé Lowman, ìdílé aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀, gùn, mi ò ní lè sọ gbogbo rẹ̀. Ṣẹ́ríìfù kan kú nínú ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn ní 1925, ìyá ilé náà kú pẹ̀lú, wọ́n sì dá Bertha, Demon àti Clarence Lowman lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ fagi lé e, wọ́n ní kí wọ́n tún un gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń tún un gbọ́, adájọ́ ní kí wọ́n dá Demon sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, tó mọ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, àwọn èrò kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lẹ́wọ̀n, wọ́n yìnbọn pa wọ́n.

White lọ síbẹ̀, ó kó orúkọ jọ, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí gómìnà. Lẹ́yìn náà ló gbé ìròyìn náà lọ fún New York World, ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó, tí wọ́n sì gbé e sí ojú-ewé iwájú léraléra. Àwọn tí ìwé ìjọba ń pè ní ẹni tí a kò mọ̀ wá rí orúkọ ara wọn ka nínú ìwé ìròyìn. Mo fẹ́ kí o ya òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yẹn dé Aiken. Ní oṣù kìíní 1927, ìgbìmọ̀ tó yẹ kó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ jókòó, kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Má ṣe dá àwọn ọlọ́pàá tó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ sínú ojú-ewé ìparí rẹ, kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí nínú ètò rẹ, mo sì rò pé ó tó odindi orí kan. Ní 1931, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbá bàbá Walter White ní Atlanta. Àwọ̀ òun náà funfun, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka àwọn òyìnbó nílé ìwòsàn, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kan tí àwọ̀ tirẹ̀ hàn wá béèrè rẹ̀. Kíá ni wọ́n gbé bàbá náà kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbé e gba inú òjò sọdá títì lọ sí ẹ̀ka àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ló kú sí. Nínú gbogbo ohun tí White kọ, ibi tí mo ti rí i pé àwọ̀ kan náà tó ń gbà á là ní Georgia ló ṣekú pa bàbá rẹ̀ ní Georgia nìyẹn.

Má sì sọ White di áńgẹ́lì. Ó fẹ́ràn òkìkí, ó máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tòun ṣẹ, òun àti Du Bois jà títí Du Bois fi fi NAACP sílẹ̀ ní 1934. Ṣáájú rẹ̀ ni Ida B. Wells, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láìní àwọ̀ tó lè fi sá pamọ́ sí. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Moss àti àwọn méjì míràn ní Memphis ní 1892, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn èrò ba ilé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kò sì lè padà sí Memphis mọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin Pullman náà wà, tí wọ́n ń fọgbọ́n kó Chicago Defender, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ sí Gúúsù, níbi tí ìwé ìròyìn yẹn ti lè kó ẹni tó bá ń tà á sí wàhálà. Fi wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin rẹ. O ti ya ọkọ̀ náà tán, kò sí òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀.

Ẹni ìkẹyìn tí mo fẹ́ bá ọ sọ nípa rẹ̀ ni ọkùnrin Helena tó kìlọ̀ fún White. White wọ ọkọ̀, ó lọ. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, láàárín àwọn tó ń wá ẹni tó sọ fún àlejò. Nínú ojú-ewé tí o gbé jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lo yà, nínú àpótí kékeré kan nísàlẹ̀. Mo ní kí o fún un ní ojú-ewé mẹ́ta, kó ní ojú, kó ní ilé, kó sì ní ìyàwó tó ń bi í ibi tó ti ń bọ̀. Lójú gbogbo èèyàn, kó fi "ẹ" bá White sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, kó pè é ní ọmọ mi.

Bí o bá ti mọ iye tí ìwé náà máa jẹ́, kọ ọ́ síta. Ẹ̀dà méjì ni mo fẹ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ fún ilé ìwé kan tí mo mọ̀, tí yàrá ìkàwé wọn kò ní ìwé ìtàn aláwòrán kan ní Yorùbá.

Èmi ni tìrẹ,
Òǹkàwé kan tó ti ṣe olóòtú rí